Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ère á tẹ̀lé e

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú kékeré kan ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. A ń dá owó jọ láti gbé ère ṣójà kan sí oríta ọjà wa, ní ìrántí àwọn ọmọ ìlú tó lọ ogun Hítílà ní Bọ́mà (Myanmar òde òní). Gbogbo wọn ti kú tán. Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn: àwọn kan ní kí a má kọ orúkọ àwọn tó jẹ́ aláàárù, pé ẹrù ni wọ́n rù, wọn ò jagun. Ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá mi náà lọ, kò padà wálé, a ò sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Níbo la ti lè rí orúkọ wọn? Ọjọ́ wo ló sì yẹ ká ṣí ère náà?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ẹ kú akitiyan. Ọ̀rọ̀ aláàárù yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn, torí ó ká mi lára. Àbúrò bàbá mi wà lára wọn. Bí a bá bi í léèrè Bọ́mà, òjò àti ẹrù nìkan ló máa ń sọ.

Dífíṣọ̀n méjì, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá ńlá, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó jọ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ síbẹ̀ láti bá àwọn ará Jàpáánì jà, 81 àti 82. Ní àfonífojì odò Kaladan tí Dífíṣọ̀n 81 ti jà ní 1944, òkè lórí òkè ni, igbó kìjikìji, ọkọ̀ ò rọ́nà gbà. Bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn láti òkè, orí ọmọ ènìyàn ló sì ń gbé e dé ibi tí ìjà wà. Ìbọn àwọn ará Jàpáánì kò ya ẹni tó ru àpótí ọta sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń yin ọta. Ẹ sọ èyí fún àwọn ará ìpàdé yín: àmì tí Dífíṣọ̀n 82 rán mọ́ aṣọ ni ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn, tí wọ́n gba inú òṣùká kọjá. Òṣùká o! Àwọn ológun fúnra wọn gbé òṣùká sí èjìká. Ta wá ni àwa tí a óò yọ orúkọ ẹni tó gbé e karí kúrò lára òkúta?

Ẹ̀rí mìíràn ò jìnnà sí yín. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ará Jàpáánì kọlu wọ́n létí odò Kaladan, ọta bà á, kò lè rìn. Òun àti David Kagbo, ọmọ Sierra Leone, ni wọ́n jọ fara pamọ́ sínú igbó, àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman sì ń bọ́ wọn, ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, títí ìrànlọ́wọ́ fi dé ní oṣù kejìlá. Fadoyebo kọ ìtàn yìí sílẹ̀ kó tó kú ní 2012. Ìkọsílẹ̀ yẹn ló jẹ́ ká mọ̀ ọ́n lónìí. Mélòó nínú àwọn tiyín ló rí ẹni bá wọn kọ ọ́?

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ wá orúkọ kí ẹ tó pe agbẹ́gilére. Ní ti àwọn tí kò padà, àjọ kan wà tó ń tọ́jú sàréè àwọn ológun Kọ́mọ́núwẹ́ẹ̀tì (Commonwealth War Graves Commission), láti 1917 ló ti wà, ó sì ti kó orúkọ àwọn òkú ogun sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tí kò ní sàréè ní Bọ́mà, nǹkan bí 27,000, orúkọ wọn wà lára àwọn òpó ìrántí kan ní Taukkyan, nítòsí Yangon. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá yín. Ẹ má fi sípẹ́lì kan ṣoṣo wá a, bí akọ̀wé òyìnbó bá ti gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé orúkọ ìlú ni wọ́n kọ sí ipò orúkọ bàbá, nítorí náà ẹ tẹ orúkọ ìlú yín àti ti àwọn ìlú ńlá tó yí yín ká. Nọ́ńbà àwọn ọmọ Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA.

Àwọn tó padà wálé ò sí níbẹ̀. Inú àpótí ìyá àgbà ni ìwé ìtúsílẹ̀ wọn wà, tàbí àmì ẹ̀yẹ ogun Bọ́mà (Burma Star), onígun mẹ́fà tí okùn rẹ̀ ní pupa láàárín, búlúù dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn kì í sábà kọ orúkọ sára irú èyí, ẹ bi ẹni tó fi pamọ́ kó tó gbàgbé. Ẹ lọ láti agbolé dé agbolé.

Ẹ tún ṣàlàyé orúkọ àwọn ibi ìjà fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Dodan tó wà ní Ìkòyí l'Ékòó, Letmauk tó wà ní Ìbàdàn, Bọ́mà ni orúkọ àwọn báráàkì yẹn ti wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ alága tàbí ẹni tó dá owó jù lọ sára òkúta náà. Ẹ kí wọn ní ìpàdé, ó tó.

Ní ti ọjọ́, November 11 ni wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìrántí àwọn ológun tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1970 ni Nàìjíríà gbé e sí January 15. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ mú, kí àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní ìjọba ìbílẹ̀ yín lè bá yín pé jọ, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn ọmọ ìlú tó bá ogun abẹ́lé lọ mọ́ ọn. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ òkúta náà, nítorí lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i gan-an ni àwọn ẹbí tí kò wá sí ìpàdé máa gbé orúkọ tiwọn dé.