Ṣé n óò tún rí ìwádìí ṣe bí mo bá di olórí ẹ̀ka?

Ìbéèrè: Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní saikọ́lọ́jì ní yunifásítì. Wọ́n fẹ́ fi mí ṣe olórí ẹ̀ka. Inú mi dùn, àyà mi sì ń já, torí wọ́n ní ẹni tó bá ti wọ ọ́fíìsì yẹn ti dágbére fún ìwádìí. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o. Mi ò ní parọ́ fún yín, òótọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí mo wà lórí àga yẹn, mo máa ń gbé dátà mi lọ sílé lọ́jọ́ Jímọ̀, màá tún gbé e padà lọ́jọ́ Ajé láì ṣí i. Mẹ́mò ni mo fi gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ dáhùn. Àmọ́ "dágbére" ti pọ̀ jù.

Ẹ wo Judith Rodin, onímọ̀ saikọ́lọ́jì, ará Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1976, òun àti Ellen Langer gbé ìwádìí kan jáde tí ẹ̀yin náà á ti fi kọ́ ọmọ rí. Nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní ìpínlẹ̀ Connecticut lọ́hùn-ún, wọ́n sọ fún àwọn tó wà ní àjà kan pé ọwọ́ ara wọn ni ọ̀rọ̀ wọn wà. Àwọn ló ń sọ alẹ́ tí wọ́n fẹ́ wo sinimá. Wọ́n mú òdòdó inú ìkòkò tó wù wọ́n, àwọn fúnra wọn ló sì ń bomi rin ín. Àwọn ti àjà kejì náà gba òdòdó, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ló ń bá wọn bomi rin tiwọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara àwọn àkọ́kọ́ ti yá gágá ju ti àwọn yòókù lọ. (Wọ́n tún ní ikú kéré láàárín wọn lẹ́yìn oṣù 18, àmọ́ wọ́n ṣàtúnṣe sí ìṣirò yẹn nígbà tó yá. Ẹ má fi í búra níwájú akẹ́kọ̀ọ́.)

Ọdún 1972 ni Rodin dé Yunifásítì Yale, kò sì di olórí ẹ̀ka títí di 1989. Àtìgbà náà ni nǹkan wá ń sáré: díìnì lọ́dún 1991, olùdarí ètò ẹ̀kọ́ àti ìnáwó lọ́dún 1992, ààrẹ Yunifásítì Pennsylvania lọ́dún 1994. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ààrẹ, tí kì í ṣe adelé, nínú àwọn yunifásítì Ivy League, ìyẹn yunifásítì àtijọ́ mẹ́jọ tó lókìkí ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ló wà títí di 2004.

Ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn láti rìn lálẹ́ ní West Philadelphia, àdúgbò tí yunifásítì náà wà, nígbà yẹn. Dípò kí yunifásítì kàn mọ odi yí ara rẹ̀ ká, wọ́n tan iná sójú títì, wọ́n ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láti ra ilé ládùúgbò, wọ́n sì bá ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ́dún 2001. Àwọn kan ṣì ń ráhùn pé owó ilé wọ́n débi tí aláìní ò fi rí ibẹ̀ gbé mọ́. Lójú tèmi, ẹjọ́ wọn tọ́: bíi ti ilé àwọn arúgbó yẹn, ó yẹ kí èèyàn béèrè ta ló ń bomi rin òdòdó, àwọn ará àdúgbò ni àbí yunifásítì.

Fún tiyín, ẹ kọ́gbọ́n lára òdòdó yẹn, ẹ pín iṣẹ́. Ẹ fa ètò ìdánwò lé olùkọ́ kékeré kan lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó ṣe é bó ṣe mọ̀. Ẹ di akẹ́kọ̀ọ́ PhD kan tàbí méjì mú, iṣẹ́ wọn ni kò ní jẹ́ kí ìwádìí yín kú. Ẹ sì gba ọjọ́ kan tí kò ní sí ìpàdé, bí Ọjọ́rú. Kí lẹ́tà yín tó jáde ni kẹ́ ẹ ti béèrè fún un, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Bí kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì bá ti bọ́ sí yín lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn.