Díìsìkì òde tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ DVD ń kọ̀

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá o. Ẹ ní díìsìkì ìsìnkú wọn ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà yín, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ DVD bàbá ní Ìkìrun ò gbà á, àwọn kan sì ti ní kí ẹ ra ẹ̀rọ tuntun. Ẹ má tíì náwó yẹn. Láti ayé kásẹ́ẹ̀tì VHS ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ fídíò òde ní Òkè-Fìà níbí, ẹ̀rọ kì í sábà jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ṣe díìsìkì náà ni kí ẹ bi.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n kàn kọ́pì fáìlì MP4, irú fídíò tó ń wà lórí fóònù, sórí DVD ni. Kọ̀ǹpútà á ṣí i. Ẹ̀rọ àtijọ́ ò mọ̀ ọ́n rárá: fódà VIDEO_TS ló ń wá, pẹ̀lú fáìlì VOB àti IFO nínú rẹ̀, irú fídíò tí wọ́n ń pè ní MPEG-2 sì ni àwòrán rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. PAL, ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n, là ń lò ní Nàìjíríà, nítorí náà 720 sí 576 ni ìwọ̀n rẹ̀, fírémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ohùn jẹ́ 48 kHz, 44.1 ti CD ni, ó lè mú kí àwòrán máa lọ láìsí ohùn. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ DVDStyler á tò gbogbo èyí fún yín, ọ̀fẹ́ sì ni.

Àwọn ẹbí tó wà ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Ẹ ṣe tiwọn lọ́tọ̀ ní NTSC, ìlànà tẹlifíṣọ̀n tiwọn, 720 sí 480, ẹ má sì fi òfin agbègbè (region code) kankan dè é. Ti London lè jẹ́ PAL bíi tiwa.

Díìsìkì òfìfo gan-an ló ti fìyà jẹ mí jù. DVD-RW, èyí tí a lè pa rẹ́ ká tún un kọ, kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà tó DVD-R tí a ń kọ lẹ́ẹ̀kan péré, léńsì tó ti gbó kì í rí i kà. DVD-R ni kí ẹ rà, kí ẹ burn ún díẹ̀díẹ̀, 4x tó, kí ẹ sì rí i pé wọ́n finalise rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n parí kíkọ rẹ̀ pátápátá, kí wọ́n tó yọ ọ́. Bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú fọ́tò olóògbé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Bí kò bá lẹ̀ dọ́gba, díìsìkì á máa gbọ̀n bó ṣe ń yí, bó bá sì pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ẹ fi bírò tí wọ́n ṣe fún CD kọ orúkọ màmá sí i.

Tí ẹ̀rọ bàbá bá ṣì kọ̀, ẹ ṣe VCD, ìyẹn fídíò orí CD. Mi ò mọ ohun tó dára jù ú lọ fún àwọn àgbàlagbà wa. MPEG-1 ni, 352 sí 288, kò mọ́ tó DVD. CD 700 MB kan ò sì gbà ju nǹkan bí 80 ìṣẹ́jú lọ, òde wákàtí mẹ́ta á gba CD mẹ́ta. Bàbá tó fẹ́ rí ojú ìyàwó rẹ̀ kò ní ka pípààrọ̀ CD sí wàhálà.

Fáìlì àkọ́kọ́ ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ onífídíò yín, ẹ má tún èyí tó wà lórí díìsìkì ṣe. Tí ẹ bá ti ṣe ẹyọ kan, ẹ gbé e lọ sí Ìkìrun kí bàbá wò ó dé òpin kí ẹ tó ṣe ti àwọn yòókù.