Ẹ fi ojúde sílẹ̀, àlàpà ni kí ẹ fi ṣe ilé òṣìṣẹ́

Àbúrò, o ní onílé òtẹ́ẹ̀lì kan fẹ́ gba ojúde agboolé yín láàárín ìgboro Ifẹ̀, kó fi kọ́ ilé táwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á máa gbé. Àwọn ọ̀dọ́ ilé yín fara mọ́ ọn torí pé ibi tí òṣìṣẹ́ á sùn ti di ìṣòro nílùú yìí, àwọn àgbà sì yarí pé ojúde kì í ṣe nǹkan tí à ń fún àlejò. O wá ní kí ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ gbà ọ́ nímọ̀ràn kí ìpàdé ẹbí tó dé.

Mo ti dáná nínú òtẹ́ẹ̀lì ní Ifẹ̀ yìí, mo ti gbé ilé ọ̀gá, mo ti gbé ẹ̀yìn ìlú, èmi náà ni mo sì ń bójú tó àwọn yàrá tí òṣìṣẹ́ ń gbà nínú agboolé bàbá mi ní Ìrẹ̀mọ báyìí. Ohun tí mo rí sí i ni pé kí ẹ má fọwọ́ kan ojúde. Ẹ tún àlàpà tó wà nínú agboolé yín ṣe fún òṣìṣẹ́, kí orúkọ òṣìṣẹ́ fúnra ẹ̀ sì wà nínú àgírímẹ́ǹtì, kó má jẹ́ ti ọ̀gá rẹ̀.

Òótọ́ pọ́ńbélé làwọn ọ̀dọ́ yín ń sọ o. Látìgbà tí yunifásítì ti kó wá sí Ifẹ̀ lọ́dún 1967, ilé tó bá ti sún mọ́ ọgbà, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbà á. Lágẹ̀rẹ́, Mayfair, Parakin, ọ̀nà Ẹdẹ, bákan náà ni gbogbo wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta á dá owó yàrá kan, òbí wọn á san án lẹ́ẹ̀kan náà, lánlọ́ọ̀dù á sì sinmi. Wétà àti obìnrin tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ò lè bá wọn du irú ilé bẹ́ẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 ni 70,000 náírà, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì tí mo mọ̀ ni kì í san tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́jẹ́ǹtì á sì ní kó kó rẹ́ǹtì ọdún kan wá, pẹ̀lú owó àgírímẹ́ǹtì àti kọ́míṣọ̀n lórí ẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ ṣe ń sún sẹ́yìn nìyẹn, títí á fi dé ibi tí títì ti parí.

Òru ni ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí kì í rò. Bí àlejò bá jẹun tán, iṣẹ́ tiwa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Lásìkò ọdún Ọlọ́jọ́, tí ìlú kún fọ́fọ́, a máa ń fọ abọ́ di ọ̀gànjọ́. Ọ̀kadà tó bá ṣì kù lójú títì á pe iye tó wù ú, ẹ̀rù a sì máa ba obìnrin láti gùn ún lóun nìkan. A ó wá tẹ́ ìró sílẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ń kó àpò ìrẹsì sí, òórùn òróró á wà lára wa, a ò ní lè wẹ̀, ibẹ̀ la ó wà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọmọ mi wà lọ́wọ́ aládùúgbò ní gbogbo àsìkò yẹn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní fara mọ́ ẹni tó bá ní kí òṣìṣẹ́ lọ máa gbé ẹ̀yìn ìlú níbi tí ilẹ̀ ti pọ̀. Ibi tó ti lè fẹsẹ̀ rìn délé ló yẹ kó máa gbé.

Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ ilé ọ̀gá. Mo gbé irú ẹ̀. Ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì ni yàrá náà wà, wọ́n sì ti ń yọ owó ẹ̀ kí owó oṣù tó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Inú mi dùn nígbà tí mo wọlé torí omi wà, iná wà. Ìgbà tó yá, mo ní kí wọ́n san owó iṣẹ́ àṣekún tí a ṣe nígbà ọdún. Àárọ̀ ni mánéjà ní kí n máa lọ, kó sì tó di ìrọ̀lẹ́ ẹrù mi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì: mátírẹ́ẹ̀sì, sítóòfù, àpò aṣọ ọmọ. Àwọn tó kù rí i, ẹnikẹ́ni ò sì tún béèrè owó àṣekún mọ́. Lábẹ́ òfin, ayálégbé tó ń san owó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí nótíìsì oṣù mẹ́fà bí àgírímẹ́ǹtì ò bá sọ òmíràn, ẹni tó ń san lóṣooṣù ní ti oṣù kan, wọ́n á sì tún fún un ní ti ọjọ́ méje kí wọ́n tó gba kóòtù lọ. Ẹni tó ń gbé yàrá torí iṣẹ́ kì í sábà rí irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ nilé náà bọ́.

Ojúde wá ńkọ́? Ibẹ̀ lẹ ti ń ta kánópì òkú àti ti ìyàwó, ibẹ̀ lọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ làwọn ìyá ń sá ẹ̀lùbọ́ sí, ìyẹn ò pamọ́ fún ọ. Omi òjò lèèyàn kì í kà sí. Láàárín ìgboro wa, páànù ló so mọ́ páànù, gbogbo omi tó bá sì ti orí wọn ṣàn wálẹ̀, ilẹ̀ lásán tó kù yẹn ló ń mu ún. Mo mọ agboolé kan ní Ìlódè tí wọ́n da kọnkéré sí gbogbo ojúde wọn kó lè mọ́ tónítóní. Láti òjò tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti ń fi abọ́ gbọ́n omi nínú yàrá.

Gbígbẹ́ ilẹ̀ náà tún wà ńbẹ̀, Ifẹ̀ la sì wà. Ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ nítòsí ààfin lọ́dún 1938 tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé wá fi mọ̀ wá. Lọ́dún 1957, àwọn tó ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ní Ìta Yemòó kan ère idẹ, nígbà tí wọ́n sì túbọ̀ wa ibẹ̀, ilẹ̀ àpáàdì tí àwọn baba wa tẹ́ ló hàn, irú èyí tí ìtàn so mọ́ Ọ̀ọ̀ni Lúwo. Òfin ní kí ẹni tó bá kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi tó àwọn mùsíọ́ọ̀mù létí. Òótọ́ ni pé àlàpà náà ò yọ sílẹ̀, Wúnmọníjẹ̀ gan-an agboolé ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ lé ojú ògiri tó ti wà tẹ́lẹ̀, gbígbẹ́ ò ní pọ̀, ìwọ̀nba ni ẹ máa dà rú. Èyíkéyìí tí ẹ bá ṣe, ẹ pe àwọn mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní Ẹnuwà kí wọ́n wá wò ó kí ṣọ́bìrì tó kanlẹ̀.

Ní ti àlàpà, wàhálà ibẹ̀ kì í ṣe ti símẹ́ǹtì, ti ẹbí ni. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú sínú yàrá yẹn wà ní Èkó, kò wálé láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá gbọ́ pé àjèjì ti wọ ibẹ̀ ló máa dé. Olórí ẹbí ò lè dá fọwọ́ sí i. Bó bá dá ṣe é, ẹni tínú ń bí lè gbé e lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Bí àwọn yòókù náà bá sì ṣe é lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni. Ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí, gbọ́dọ̀ rán ẹni wá, kó sì fọwọ́ síwèé. Ohun tó jẹ́ kí tiwa yanjú ni pé a kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé a ò ta ilẹ̀, pé iye ọdún báyìí ni, pé owó yàrá á kọ́kọ́ dá owó àwọn tó fi owó sílẹ̀ padà fún wọn, lẹ́yìn náà ni a ó máa pín in ní ìdí igi, kò ní jẹ́ orí-ò-jorí, tí kálukú ọmọ ń gba tiẹ̀. Èyí tó le jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti ìyá àgbà kan tó ní ibojì ọkọ òun wà nínú ọ̀kan nínú àwọn yàrá náà. A ò fi yàrá yẹn háyà. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ògiri tó bá ṣì dúró, ẹ má wó o. Ó nípọn, ó tutù ju bulọ́ọ̀kù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà rẹ́ símẹ́ǹtì mọ́ amọ̀ lára, torí amọ̀ máa ń mu omi sínú, símẹ́ǹtì ò ní jẹ́ kó gbẹ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára ògiri gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀. Amọ̀ náà la fi rẹ́ tiwa. A jẹ́ kí káfíńtà na etí páànù jáde dáadáa, a to òkúta sí ìdí ògiri kí omi òjò má bàa jẹ ẹ́.

Ẹnìkan á sọ fún yín pé kí òṣìṣẹ́ lọ yá owó ìjọba kọ́ ilé tiẹ̀. Owó àpapọ̀ fún ilé kíkọ́ (National Housing Fund) tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1992 wà lóòótọ́: òṣìṣẹ́ á máa dá ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, á sì lè yá owó ní èlé ìdá mẹ́fà. Ìwé owó oṣù ni wọ́n máa béèrè, wọ́n á tún béèrè ìwé ilẹ̀. Èmi ò gba ìwé owó oṣù rí nínú ilé ìdáná, ilẹ̀ agboolé wa náà ò ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni.

Òfin tí a fi de àwọn yàrá wa, ìlú Vail ní Colorado l'Amẹ́ríkà ni mo ti rí àwòkọ́ṣe rẹ̀. Ìlú ìgbafẹ́ ni, ibi táwọn olówó ti ń lọ ṣeré lórí yìnyín, òṣìṣẹ́ wọn náà ò sì ríbi gbé mọ́. Láti ọdún 2017, ìlú náà ń sanwó fún onílé kó lè kọ ọ́ sínú ìwé ilé rẹ̀ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè náà fún ó kéré tán wákàtí 30 lọ́sẹ̀ ló máa gbé ibẹ̀. Onílé lè ta ilé rẹ̀ ní iye tó bá wù ú, ìlànà náà á bá ilé lọ. Èyí tí mo mú níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ láàárín ìlú ni wọ́n so ilé mọ́, wọn ò so ó mọ́ ọ̀gá kan. Nínú tiwa, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní oṣù mẹ́ta láti wá òmíràn, ibikíbi tó bá ti rí i nínú ìgboro, yàrá rẹ̀ ò yẹ̀. A tún kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi yàrá háyà fún àlejò Ọlọ́jọ́. Èyí dun àwọn kan nínú ẹbí gan-an, torí owó tí àlejò ń san ní alẹ́ kan lásìkò yẹn pọ̀. Bí a bá gbà fún ẹyọ kan, gbogbo yàrá ló máa tẹ̀ lé e, àwọn tó ń dáná fún àlejò yẹn á sì padà sórí àpò ìrẹsì.

Nítorí náà, ẹ má lé onílé òtẹ́ẹ̀lì yẹn lọ. Ẹ ní kí owó tó fẹ́ fi kọ́lé sójúde di owó yàrá àsansílẹ̀ fún àlàpà. Àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọlé, àmọ́ kálukú wọn á fọwọ́ sí àgírímẹ́ǹtì tiẹ̀ pẹ̀lú ẹbí. Bó bá kọ̀, tó ní ojúde lòun fẹ́ dandan, ó jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń wá.

Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, lọ wọn àlàpà náà pẹ̀lú téèpù, kí o ya fọ́tò rẹ̀, kí o sì kọ orúkọ ẹni tó ni yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Wo ibi tí kànga yín wà pẹ̀lú. Ó yẹ kí nǹkan bíi mítà 30 wà láàárín kànga àti sókàwéè, agboolé àtijọ́ kì í sábà ní àyè tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ò bá ní in, ìkángun ojúde lọ́hùn-ún ni sókàwéè máa lọ. Ìyẹn nìkan ni mo gbà kí ẹ gbẹ́ níbẹ̀.