Ṣé lóòótọ́ ni aago Rolex kò tó 200 dọ́là nígbà kan?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bàbá yín sọ pé Rolex kò tó 200 dọ́là láyé ìgbà yẹn. Wọn ò parọ́ o. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 150 dọ́là ni Submariner, aago Rolex ti àwọn tó ń wẹ̀ lábẹ́ omi, nígbà tí ọdún 1950 sí 1959 ń parí lọ.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni Seiko Astron, aago ọwọ́ oníbátìrì ti quartz (èyí tí òkúta kékeré inú rẹ̀ ń bá a ka àkókò) tó kọ́kọ́ dé ọjà, ní Japan, oṣù Kejìlá 1969. 450,000 yen! Owó mọ́tò Toyota Corolla nìyẹn. Irú rẹ̀ ló wá kún àtẹ Sábọ̀ níbí ní Ìkòròdú báyìí, tí a tún ń ná an.

Bí Rolex ti bàbá bá ṣì wà, ẹ má jẹ́ kí aláago kun ojú aago náà lọ́dà tuntun. Ojú àtijọ́ tó ti ṣá yẹn gan-an lowó wà.