Èsì: Ta ló lè fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ ọmọ?

Ẹ kú ìdààmú, ẹ̀gbọ́n wa n'Íkòròdú. Ẹ ní nọ́ọ̀sì gba bírò lọ́wọ́ yín, pé ìyá ọmọ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ ìpá ọmọ yín torí ẹ ò fẹ́ ara yín, ìyẹn sì wà ní Àgbádárìgì.

Ó dùn mí, àmọ́ nọ́ọ̀sì ò ṣìwà hù. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, fi àṣẹ lórí ọmọ sọ́wọ́ ìyá bí kò bá sí ìgbéyàwó. Owó ilé ìwé tí ẹ ń san ò yí i padà. Bàbá lè gba àṣẹ náà nípa ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìyá, tàbí kó tọ kóòtù ẹbí lọ. Office of the Public Defender, iléeṣẹ́ lọ́yà ìjọba Èkó tó ń gbèjà aráàlú, kì í gbowó; ẹ lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ṣe ìdána, tí wọ́n sì fa ìyàwó lé yín lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí ọmọ, ìgbéyàwó ni lójú òfin. Ẹ sọ fún lọ́yà.

Bó bá di pàjáwìrì, òfin ìlera ti 2014 ò gbà kí ọsibítù kọ ọmọ. Ní báyìí, ẹ pe ìyá rẹ̀ kó wá, lónìí.