Ìyá tó fẹ́ kọ ilé rẹ̀ fún mọ́ṣáláṣí nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ kì í kírun

Ìbéèrè: Àsàláámù aláékúm, Ààfáà wa. Ẹni ọdún 68 ni mí, aṣọ ni mo ń tà ní Ìbàdàn, ọkọ mi sì ti jáde láyé. Ọlọ́hun fi ilé méjì jíǹkí mi: mo ń gbé inú ọ̀kan, àwọn ayálégbé sì wà nínú èkejì. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, ọkùnrin kan àti obìnrin méjì. Ọkùnrin náà wà ní London pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sí èyí tó fi Ìsìláàmù sílẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n wọn kì í kírun déédéé, àwọn ọmọ-ọmọ mi ní London kò sì lè ka Fátíhà. Ó pẹ́ tí mo ti ń sin jámáà wa. Èmi ni Ìyá Súnnà ẹgbẹ́ àsàlátù wa, èmi náà ni wọ́n sì máa ń ránṣẹ́ pè bí obìnrin bá kú tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá kú, ẹ̀sìn yóò kú mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ìdílé yìí. Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé kí wọ́n fi ilé méjèèjì fún mọ́ṣáláṣí wa lẹ́yìn ikú mi, kí àwọn ọmọ má jogún ohunkóhun. Ǹjẹ́ ó tọ́? Kí ni mo sì lè ṣe kí ẹ̀sìn lè dúró lẹ́yìn mi?

Ìdáhùn: Wa aláékúmú sàláámù wa ráhúmátúláhi wa bàrákátúhù, ìyá wa. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó fi irú ìbẹ̀rù yìí sí yín lọ́kàn nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà àti agbára, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ronú kan ọ̀rọ̀ yìí títí ara wọn yóò fi dùbúlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ìwé náà bí ẹ ṣe là á sílẹ̀ yìí. Ohun tí ènìyàn bá pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe lẹ́yìn ikú òun kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní rẹ̀, àyàfi bí àwọn ajogún bá fi tinútinú yọ̀ǹda èyí tó kù. Sa'd ibn Abi Waqqas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé àgbà (àwọn tó bá Ànábì gbé), ṣàìsàn ní Mẹ́kà ní ọdún Hájì Ìdágbére, ó sì rò pé ikú ti dé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ní nígbà náà, ọrọ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Ó bi Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá kí òun fi ìdá méjì nínú mẹ́ta ṣe sàráà, Ànábì ní rárá. Ó ní ìdajì ńkọ́, Ànábì tún ní rárá. Nígbà tó wá dárúkọ ìdá kan nínú mẹ́ta, Ànábì gbà, ó ní èyí náà ti pọ̀, ó sì sọ fún un pé kí ó fi àwọn ajogún rẹ̀ sílẹ̀ ní ọlọ́rọ̀ sàn ju kí ó fi wọ́n sílẹ̀ ní aláìní tí yóò máa na ọwọ́ sí àwọn ènìyàn. Ó tún fi kún un pé kò sí ohun tí yóò ná láti fi wá ojú rere Ọlọ́hun tí kò ní gba láádá rẹ̀, títí kan òkèlè tó bá fi sí aya rẹ̀ lẹ́nu. Hádíìsì yìí wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim. Ẹ rí i báyìí pé ohun tí àwọn ọmọ yín bá jogún lọ́wọ́ yín kò bọ́ sẹ́yìn láádá yín. Sa'd fúnra rẹ̀ kò sì kú nínú àìsàn náà. Ó yè, ó bí ọmọ mìíràn, òun náà ló wá ṣe olórí ogun ní Al-Qadisiyya, níbi tí àwọn Mùsùlùmí ti bá àwọn ará Páṣíà jà.

Ní ti pé wọn kì í kírun déédéé, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, n kò ní fi ojú kéré wò ó. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì jẹ́ Mùsùlùmí, tí wọ́n sì gbà pé ọ̀ranyàn ni ìrun, ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ kò sọ pé ọ̀lẹ lórí ìrun lè gba ogún lọ́wọ́ ọmọ. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló pín ogún nínú Súrátun-Nisá, ẹsẹ 11 àti 12, a kò sì fún òbí láṣẹ láti fi í jẹ ọmọ níyà.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ilé kan máa ṣiṣẹ́ fún yín nínú sàréè, ohun tí mo máa gbà yín nímọ̀ràn ni pé kí ẹ fi í ṣe wákáfù, ìyẹn dúkìá tí a yà sọ́tọ̀ títí láé fún iṣẹ́ oore, nísinsìnyí tí ara yín le. Wákáfù tí ènìyàn ṣe nígbà ìlera kò sí lábẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, bí kò bá ti jẹ́ pé ìdí tó fi ṣe é ni láti fìyà jẹ ajogún. Àpẹẹrẹ tó lágbára jù lórí rẹ̀ ni ti Umar, sàábé Ànábì, ẹni tó ní ilẹ̀ kan ní Khaybar tí kò ní ohun ìní tó fẹ́ràn tó o. Ó wá béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ Ànábì, Ànábì sì sọ fún un pé bó bá fẹ́, kí ó so ìdí dúkìá náà mọ́lẹ̀, kí ó sì máa fi èso rẹ̀ ṣe sàráà. Umar ṣe bẹ́ẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á, wọn kò gbọdọ̀ fi ta ẹnì kan lọ́rẹ, wọn kò sì gbọdọ̀ jogún rẹ̀. Ó ní kí èso rẹ̀ jẹ́ ti àwọn aláìní, àwọn ìbátan, ìtúsílẹ̀ ẹrú, ọ̀nà ti Ọlọ́hun, onírìn-àjò àti àlejò. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ìbátan wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Abu Talha, tí òun náà jẹ́ sàábé, gbọ́ ẹsẹ 92 nínú Súrátu Áálì-Imrán, pé a kò ní dé ibi oore títí a ó fi ná nínú ohun tí a fẹ́ràn, tó sì fi ọgbà Bayruha tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí Ànábì ṣe sàráà, Ànábì ní kí ó pín in fún àwọn ẹbí rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ fi ilé tí ẹ ń gbé sílẹ̀ fún ogún, kí ẹ sì fi ilé ayálégbé ṣe wákáfù, kí owó ilé náà máa tún un ṣe ná, kí ìyókù sì máa san owó olùkọ́ ilé kéú àdúgbò yín, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín kan bá di aláìní, ó ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀. N kò sọ pé mọ́ṣáláṣí kò dára. Ṣùgbọ́n mọ́ṣáláṣí pọ̀ ní Ìbàdàn tí ilẹ̀ wọn ń dán, tí ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́yìn ìrun Ásírì kò sì rí owó oṣù gbà.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn wa kì í fiyè sí, òun ló sì ń ba ọ̀pọ̀ wákáfù jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ní ojú ọ̀nà Ìmáàmù Máálíkì, tí púpọ̀ nínú wa ń tẹ̀ lé, wákáfù kò múlẹ̀ bí ẹni tó ṣe é kò bá yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ kí àìsàn ikú tó dé. Bí ìyá bá sọ pé òun ti fi ilé jìn, tó wá jẹ́ pé òun náà ló ṣì ń gba owó ilé títí ó fi kú, ilé náà padà sínú ogún nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo jámáà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé, kí ẹ pe àwọn ayálégbé, kí ẹ sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ àwọn alábòójútó ni wọn yóò ti máa san owó láti oṣù tó ń bọ̀. Kí lọ́yà kọ ìwé náà, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, kí ẹ sì kó ojúlówó ìwé ilẹ̀ lé àwọn alábòójútó lọ́wọ́. Àìṣe èyí ló fà á tí a fi ń rí i pé àwọn ọmọ ń bá jámáà ṣe ẹjọ́ lórí ilẹ̀ tí bàbá wọn ti fi ẹnu lásán fi jìn.

Ṣùgbọ́n, ìyá wa, ọ̀rọ̀ ilé ni mo fi ṣáájú nítorí pé òun ni ẹ kọ́kọ́ béèrè; ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló ṣe pàtàkì jù lọ́kàn mi. Mohammed Shitta Bey tó kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n ṣí ní Èkó ní ọdún 1894 kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń kírun níbẹ̀ títí di òní. Sàró (Sierra Leone) ni wọ́n ti bí i, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí oko ẹrú gbé débẹ̀, bàbá rẹ̀ sì di lẹ́mọ́mù láàárín àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ kí ìdílé náà tó padà wá sí Àgbádárìgì. Ẹ̀sìn ti wọ inú ọmọ náà kí owó tó dé. Àwọn àgbà wa náà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ wo Ànábì Yaqub. Súrátul-Baqarah, ẹsẹ 133, sọ fún wa pé nígbà tí ikú dé bá a, ó bi àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí ni wọn yóò máa sìn lẹ́yìn òun, wọ́n sì dáhùn pé Ọlọ́hun rẹ̀ àti Ọlọ́hun àwọn bàbá rẹ̀, Ibrahim, Isma'il àti Is'haq, Ọlọ́hun kan ṣoṣo, ni àwọn yóò máa sìn. Àwọn tó fún bàbá ní ìdáhùn tó tù ú lára yìí, àwọn kan náà wà nínú wọn tó ju Yusuf sínú kànga, tí wọ́n fi ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀ tan bàbá wọn jẹ, tí ojú rẹ̀ fi fọ́ nítorí ìbànújẹ́. Nígbà tí ọ̀ràn náà le jù, ó tún rán wọn níṣẹ́, ó ní kí wọ́n má ṣe sọ̀rètí nù nínú ìkẹ́ Ọlọ́hun. Nígbà tí wọ́n sì tọrọ àforíjì, ó ní òun yóò bẹ Olúwa òun fún wọn. Kò fìgbà kan lé wọn kúrò ní ọmọ. Ó dá mi lójú pé bó bá ti pa ilẹ̀kùn dé ní ọjọ́ tí wọ́n mú ẹ̀wù wá, a kì bá tí ka ìdáhùn ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ìwé ìhágún tí ẹ fẹ́ kọ yẹn yóò sọ fún àwọn ọmọ yín, lẹ́yìn tí ẹnu yín bá ti pa dé, pé ẹ̀sìn ló gba ohun ìyá wọn lọ́wọ́ wọn, àwọn ọmọ-ọmọ yín yóò sì gbọ́ ìtàn náà. Dípò èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn yín nísinsìnyí. Ọlọ́hun sọ nínú Súrátu Tá-Há, ẹsẹ 132, pé kí a pa ará ilé wa láṣẹ ìrun, kí a sì ṣe sùúrù lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ sùúrù náà wà nínú àṣẹ kan náà. Ẹ yan àkókò kan tí àwọn ọmọ-ọmọ yín bá ti dé láti ilé ìwé, kí ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ máa kọ́ wọn ní Fátíhà ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ìbáwí bẹ̀rẹ̀ ìpè náà, ẹ má sì bú ìyàwó ọmọ yín lójú wọn. Bí wọ́n bá ti mọ Fátíhà, ẹ lè sanwó fún ààfáà tí yóò máa kọ́ wọn ní kéú láti ibí. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tó wà lókè òkun. Ní ti bàbá wọn, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ìrun ní òun nìkan, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbọ́ pé ẹ ń ṣe àdúà fún un. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí ọkàn kan kò sì yí padà, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn yín, nítorí pé ọmọ Ànábì Nuh pàápàá kọ̀ láti wọ ọkọ̀.

Ó ku iṣẹ́ tí ẹ mẹ́nu bà bí ẹni pé kò tó nǹkan: òkú wíwẹ̀. Ìyá wa, ogún ńlá ni èyí. Nígbà tí Zaynab ọmọ Ànábì kú, Ànábì kọ́ Umm Atiyya àti àwọn obìnrin tó wà pẹ̀lú rẹ̀ bí wọn yóò ṣe wẹ̀ ẹ́: kí wọ́n fi omi àti ewé sídírì wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá rí i pé ó yẹ, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún àti àwọn oríkèé àlùwàlá, kí wọ́n sì fi káfúrà sí ti ìgbẹ̀yìn. Umm Atiyya gbé ìmọ̀ náà dé Basra ní ilẹ̀ Iraq, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ sì kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo Mùsùlùmí tí wọ́n ti wẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà, ipa obìnrin yìí wà níbẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń pè ní jámáà yín. Ta ni wọn yóò wá pè láti wẹ ẹ̀yin? Ẹ mú ọ̀dọ́bìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti inú àsàlátù, kí ẹ máa mú wọn lọ́wọ́ lọ síbi òkú, kí ọmọbìnrin yín kan sì wà nínú wọn bó bá gbà. Hádíìsì inú ìwé Muslim ka ohun mẹ́ta tí iṣẹ́ ọmọ ènìyàn kì í já níbẹ̀ lẹ́yìn ikú: sàráà tó ń ṣàn lọ, ìmọ̀ tí a ń jàǹfààní rẹ̀, àti ọmọ rere tó ń ṣe àdúà fún un. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà ní àrọ́wọ́tó yín.

Ẹ tún sọ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n má yá owó ṣe ìnáwó fídáù (àdúà lẹ́yìn ikú) yín.

Nígbà tí ẹ bá wá ń yan àwọn alábòójútó wákáfù náà, ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ lé àwọn ọkùnrin jámáà lọ́wọ́ kí ẹ sì yọ àwọn ọmọ yín sílẹ̀. Nínú ìwé tí Umar kọ lórí wákáfù rẹ̀, tí Abu Dawud gbà wá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Hafsa, ló fi ṣe alábòójútó ní gbogbo ìgbà tó bá wà láàyè, lẹ́yìn rẹ̀ kí ó di ti ọlọ́gbọ́n nínú ará ilé rẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin yín sí i pẹ̀lú lẹ́mọ́mù àti olóòótọ́ kan mìíràn, kí ó jẹ́ pé òun ni yóò máa gbé owó oṣù lọ fún olùkọ́ kéú náà, kí ó sì máa jókòó díẹ̀ gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń kà.