Ṣé bírélì ò ní ba ìwọ̀nba ojú tó kù fọ́mọ mi jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 6, ṣì ń rí lẹ́tà gàdàgbà. Wọ́n ní ká mú un lọ sílé ìwé ìjọba tàwọn ọmọ tí ò ríran, kó lọ kọ́ bírélì, ìyẹn ìwé táwọn afọ́jú ń fi ìka kà, ẹ̀rù ń bà mí. Ìyá kan

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀, bírélì kì í bajú jẹ́ rárá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń lọ sírú síkúùlù yẹn ló ṣì ń rí díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fún wọn níwèé onílẹ́tà ńlá, wọ́n á tún kọ́ wọn ní bírélì torí ojú máa ń tètè rẹ̀ wọ́n tí ìwé bá ti pọ̀. Inú dọ́ọ̀tì 6 péré tó yọ sókè ni wọ́n ti ń mú èyí tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan o, 3 lápá òsì, 3 lápá ọ̀tún, orí ìka lọmọ á fi máa tọ́ ọ lọ lórí pépà. Louis Braille tó ṣe é, ọmọ ọdún 15 ni lọ́dún 1824, ọmọ ilé ìwé afọ́jú ní Paris lòun náà. Kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ lọ jókòó ní kíláàsì, ẹ wò ó bóyá àwọn tíṣà fúnra wọn mọ bírélì kà, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹni tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá funfun rìn, ìyẹn gan-an ló jẹ mí lógún jù.